Ọwọ́ Ẹni Tó Dè É Ló Ń Pa Kámúṣáàfù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì sọ nínú ṣọ́ọ̀bù wa nìyí, lórí bí a ṣe ń de kámúṣáàfù, ìyẹn irin gígùn inú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí àwọn fáàfù, lójú àwọn ọ̀gá tó wá fún ìpàdé oṣù. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́.

Mo júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń tú ẹ́ńjìnnì kí ìyá mi tó bí mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Mo rí i pé àga ò kárí.

Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù bí wọ́n bá ní kó to ẹ́ńjìnnì padà. "Tàìmíǹgì" ni yóò wí, ìyẹn títo ẹ́ńjìnnì kí fáàfù lè máa ṣí lásìkò tó yẹ. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n tàìmíǹgì ní àmì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti fín in sára irin fún ọ, ojú lásán lo fi máa rí i, bí o bá sì ṣì í, o lè tún un tò kí o tó ṣíná ọkọ̀. Dídè ni kò ní àmì. Bóòtì tí wọ́n dè kọjá ààlà àti èyí tí wọ́n dè dáadáa, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kámúṣáàfù kì í sábà kú lójú pópó. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lé orí tọ́ọ̀pù ló ti kú. Ojú pópó la kàn ti ń túfọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ lò lónìí ni 1ZZ-FE, èyí tó wà nínú Corolla 2003 títí dé 2008 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní tòkunbọ̀. Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò tíì fọwọ́ kàn án. Lítà 1.8 ni, fáàfù 16, kámúṣáàfù méjì lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà: ọ̀kan ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, èkejì ń ṣí ọ̀nà fún èéfín tó ń jáde. Ṣéènì kan ṣoṣo ló ń fa àwọn méjèèjì láti ara kíráńkì, irin ìsàlẹ̀ tí àwọn písítíìnì ń yí. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámù á yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kámù rẹ̀ ń yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 90,000 ní wákàtí kan. Ọ́ìlì tó wà láàárín òun àti ibi tó jókòó sí kò nípọn ju irun orí lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé kò sí mẹ́tàlì, ìyẹn awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè pààrọ̀, lábẹ́ kámù yẹn. Kíráńkì ní mẹ́tàlì. Bó bá jẹ, ẹ ó lọ ra òmíràn wá. Ọrùn kámù yìí, ìyẹn àwọn ibi roboto tó ń yí lábẹ́ káàpù, orí àlùmíníọ́ọ̀mù tọ́ọ̀pù gan-an ni wọ́n jókòó sí, àlùmíníọ́ọ̀mù káàpù ló sì dé wọn mọ́lẹ̀. Bí àlùmíníọ́ọ̀mù yẹn bá ti họ, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ rà níbì kan ju odindi tọ́ọ̀pù lọ.

Káàpù mẹ́sàn-án ló ń dé àwọn kámù méjèèjì, bóòtì 19 ló sì so wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó wà níwájú pátápátá tóbi, òun ló fẹsẹ̀ lé àwọn kámù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mẹ́jọ yòókù, mẹ́rin mẹ́rin ni: lẹ́tà I wà lára àwọn ti afẹ́fẹ́, lẹ́tà E wà lára àwọn ti èéfín, nọ́ńbà wà lára olúkúlùkù, ọfà kan sì ń tọ́ka síwájú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi àmì yẹn ṣe. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n kọ́kọ́ de káàpù mọ́ tọ́ọ̀pù kí wọ́n tó lu ihò tí kámù máa yí nínú rẹ̀. Ààbọ̀ ihò wà lára tọ́ọ̀pù, ààbọ̀ kejì wà lára káàpù, wọ́n sì mọ ara wọn bí ìkòkò àmọ̀ ṣe mọ ọmọrí rẹ̀. Nítorí náà, bí káàpù kan bá là, tí ẹnì kan sì ní òun mọ ibi tí òun ti lè rí káàpù Corolla kan ṣoṣo rà ní Ládípọ̀ tàbí ní Àràròmí ní Gate, ẹ bá mi dá a dúró. Á wọ̀. Bóòtì rẹ̀ á wọlé. Ihò rẹ̀ kò ní bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, ọrùn kámù ló sì máa san gbèsè náà.

Mo gbọ́ tí bàbá wa tó jókòó níwájú ń rẹ́rìn-ín pé ayé ìgbà tiwọn rọrùn. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ìjàpá Volkswagen kò ní káàpù rárá. Àárín ilé ẹ́ńjìnnì tó là sí méjì ni kámù sùn sí, bí ẹ bá pa ilé náà dé, ẹ ti dè é nìyẹn. Gíà rẹ̀ ní ojú kan tó gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ojú méjì tó wà lára gíà kíráńkì. Peugeot 504 náà, inú bláàkì ni kámù rẹ̀ wà. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, gígùn la máa ń tì í wọ inú ihò bí ẹni ń ti idà bọ àkọ̀, irin pẹlẹbẹ kan níwájú ni kì í sì jẹ́ kó rìn jáde. Wàhálà tiwọn ni pé ẹnu kámù lè ha mẹ́tàlì inú bláàkì bí ọwọ́ bá gbọ̀n nígbà tí a ń tì í wọlé. Sípíríǹgì fáàfù kò tíì sí níbẹ̀ láti bá a jà nígbà náà. Ti òde òní ni sípíríǹgì ti ń bá a jà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹyin mẹ́jọ ló wà lára kámù kọ̀ọ̀kan. Ẹyin ni mò ń pè wọ́n nítorí bí wọ́n ṣe rí: ìdí wọn ṣe roboto, ẹnu wọn yọ ṣóńṣó. Bí ẹ bá gbé kámù lé orí tọ́ọ̀pù, bó ti wù kí ẹ yí i, ẹnu ẹyin kan tàbí méjì á máa tẹ tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ife irin kékeré tó wà lórí fáàfù, sípíríǹgì fáàfù á sì máa tì í padà sókè. Kámù kò ní sùn gbọọrọ. Apá kan á wọlé, apá kejì á gbé ara sókè. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ìkánjú ti máa ń ṣe é. Á mú káàpù tó súnmọ́ ọn jù, á dè é títí yóò fi kanlẹ̀, á wá lọ sórí èkejì. Gbogbo agbára sípíríǹgì á wá dúró sórí káàpù kan ṣoṣo. Irin dídà ni kámù, ó le lójú ṣùgbọ́n kò mọ títẹ̀. Bí àwo tánganran ló ṣe rí. Bí òun kò bá ṣẹ́, àlùmíníọ́ọ̀mù tó ń dì í mú kó má rìn síwá sẹ́yìn ni yóò là, torí àlàfo tó ní níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Ẹ má rò pé inú ìwé ni mo ti rí i. Ọdún kejì tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, olùkọ́ kan gbé Corolla rẹ̀ wá, ó ń mu ọ́ìlì. A tú u, a pààrọ̀ ríǹgì, a fọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kámù. Ọjọ́ Sátidé ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, oníyàwó sì ni mí láìpẹ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú nítorí iwájú ni mo dúró sí. Káàpù kìíní wọlé, èkejì wọlé. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, mo gbọ́ "pàù". Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yọ̀. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kámù èéfín ti ṣẹ́ sí méjì láàárín káàpù kejì sí ẹ̀kẹta, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán bí iyọ̀. N kò rí nǹkan kan sọ fún olùkọ́ yẹn ju òótọ́ lọ. Owó kámù náà ju owó iṣẹ́ tí a jọ sọ lọ, àpò mi ló sì ti jáde.

Ó dáa, báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ yí kíráńkì kí písítíìnì kankan má wà lókè. Nínú 1ZZ, fáàfù àti písítíìnì lè pàdé ara wọn. Bí ẹ bá ń de kámù nígbà tí písítíìnì wà lókè, fáàfù tí ẹ ń tẹ̀ lè tẹ̀ dé orí rẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn kankan.

Lẹ́yìn náà, ihò bóòtì. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀ torí n kò tíì rí ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní èyí. Bí a bá fọ tọ́ọ̀pù tán, pẹtiróòlù, ọ́ìlì tàbí omi máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò bóòtì. Omi kì í fún pọ̀. Bí ẹ bá wá ti bóòtì wọ inú rẹ̀, omi yẹn á wá ọ̀nà àtijáde, bí kò bá sì rí i, á la àlùmíníọ́ọ̀mù láti inú. Ẹ ó rò pé bóòtì ti kanlẹ̀, orí omi ló kanlẹ̀ sí. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ gbé tọ́ọ̀pù lọ bá fọgaináìsà, kò jìnnà.

Kí ẹ tó dè é pátápátá, ẹ wọn àlàfo ọrùn rẹ̀. Òwú ike tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní Plastigage. Ẹ ó gé e, ẹ ó tẹ́ ẹ lé ọrùn kámù tó gbẹ, ẹ ó de káàpù lé e dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹ ó tún tú u, ẹ ó wá wo bí òwú náà ṣe fẹ̀ tó sí lára bébà tí wọ́n fún yín pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má yí kámù nígbà tí òwú wà lábẹ́ káàpù. Mìlímítà 0.035 sí 0.072 ló dára fún 1ZZ. Bó bá ti kọjá 0.10, kámù yẹn tàbí tọ́ọ̀pù náà ti lo ìgbà tirẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá di ti gidi, ẹ fi ọ́ìlì kun ọrùn àti ibi tí wọ́n jókòó sí, kí ẹ sì fi ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún títo ẹ́ńjìnnì pa ẹnu ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gíríìsì tí ẹ ń fi sí bẹ́àrì táyà. Gíríìsì yẹn kì í tètè yọ́ mọ́ ọ́ìlì, á kó ara rẹ̀ jọ, á wá di ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ojú ibi tí irin ti pàdé irin náà ńkọ́? Tín-ín-rín ni kí ẹ fi. Gọ́ọ̀mù tí ẹ rí tó pọ̀ jáde síta, ìlọ́po rẹ̀ ló ti pọ̀ sínú. 1ZZ ní asẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà ọ́ìlì tó ń lọ sí gíà VVT-i, ìyẹn gíà orí kámù afẹ́fẹ́ tí ọ́ìlì fi ń yí tàìmíǹgì padà, mo sì ti yọ gọ́ọ̀mù pupa jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọkọ̀ tí oníbàárà ní kò fẹ́ gun òkè mọ́.

Ẹ gbé kámù sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó sùn gbọọrọ. Ẹ wá ibi tí ẹyin rẹ̀ kò ti ní tẹ tápẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Ẹ to káàpù sí ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wí, kí ọfà kọjú síwájú. Ẹ fi ìka wọ gbogbo bóòtì. Láti ibẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré ni kí bóòtì kọ̀ọ̀kan máa gbà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ tún padà sáàárín. Ẹ tẹjú mọ́ àlàfo tó wà lábẹ́ káàpù: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pa dé papọ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó yá ju àwọn yòókù lọ, ẹ dẹwọ́ lórí rẹ̀. Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ tí kámù olùkọ́ yẹn ṣẹ́ ló tó yé mi.

Ìgbà tí gbogbo káàpù bá ti kanlẹ̀ ni tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtì, tó kàn. 23 N·m ni fún bóòtì káàpù ńlá iwájú, 13 N·m fún àwọn yòókù. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà yìí kò sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá tó gùn ní mítà kan, tí ẹ fi pure water kọ́ sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ààbọ̀ lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá méjì àti díẹ̀ ju ààbọ̀ ọ̀kan lọ, 13 nìyẹn. Ọ̀rá tí kò pé márùn-ún, 23 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹni tó bá fi ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn fa bóòtì yẹn títí tí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, kí ló ń bá jà?

Gíà orí kámù ni ó tún kù tí à ń dè. Bóòtì rẹ̀ gba 54 N·m. Ara kámù fúnra rẹ̀ ní ibi onígun mẹ́fà kan. Wọ́n ṣe é síbẹ̀ kí ẹ lè fi sípánà mú un dání nígbà tí ẹ bá ń de gíà. Ẹni tó bá ń fi sikudíráfà há eyín ṣéènì láti mú un dúró, ṣéènì ló ń pa. Ní ti gíà VVT-i, píìnì kan wà tó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ihò rẹ̀ kí bóòtì tó kàn án. Ẹ máa fi ọwọ́ yí gíà náà jẹ́jẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá já wọlé. Bí ẹ bá dè é kó tó já wọlé, píìnì á tẹ̀.

Tàìmíǹgì tí ẹ̀yin ń bẹ̀rù, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú ṣéènì mẹ́ta ló ní àwọ̀ mìíràn, méjì fún àwọn gíà kámù, ọ̀kan fún kíráńkì. Ẹ fi wọ́n bá àmì dọ́gba, ẹ tú ìkọ́ tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ṣéènì le, kí ẹ sì fi sípánà yí kíráńkì ní odindi ìgbà méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ti sá tọ̀ mí wá níbí pé "Ọ̀gá, àwọ̀ ṣéènì ò bá àmì mu mọ́!" Kò ní bá a mu. Lẹ́yìn ìyípo méjì, àmì ara gíà ló yẹ kó bá ara wọn dọ́gba, ṣéènì ti rìn kọjá. Ẹ má tú u.

Ẹ wọn àlàfo fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.15 sí 0.25 mìlímítà fún ti afẹ́fẹ́, 0.25 sí 0.35 fún ti èéfín. 1ZZ kò ní ṣíìmù, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń tún àlàfo ṣe, tí ẹ lè yọ. Tápẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lẹ ó pààrọ̀. Oríṣi ìnípọn 35 ni wọ́n ń ṣe é, láti 5.060 dé 5.740, ìyàtọ̀ àárín ọ̀kan sí èkejì kò ju 0.020 lọ. Ìdí nìyẹn tí tápẹ́ẹ̀tì 16 kò gbọdọ̀ pọ̀ mọ́ra nínú abọ́ pẹtiróòlù. Èmi a máa to tèmi sínú kíréètì ẹyin, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ti mọ̀ pé kíréètì tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kì í padà sílé.

Ó wá ku ká jí i. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ fíúsì EFI kí epo má bàa wá, kí ẹ sì máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, títí iná ọ́ìlì á fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ́ìlì jìnnà sí kámù. Ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè bọ̀, orí tọ́ọ̀pù ló sì ń dé kẹ́yìn. Bí ẹ bá tanná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà, àlùmíníọ́ọ̀mù tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ tọ́jú ló ń họ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n àwa tí a ò ní tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì ńkọ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín, torí ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ láìní. Mo dá a lóhùn báyìí:

Ẹ wá òṣùwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń wọn ẹja, èyí tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 20 láti àárín bóòtì, kí ẹ fi ìkọ́ òṣùwọ̀n kọ́ ọ níbẹ̀. Kí ọ̀pá sùn gbọọrọ, kí ẹ sì fa òṣùwọ̀n ní ìdúró ṣánṣán sí ọ̀pá náà, kó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá ka kílò 6.6, ẹ dúró, 13 N·m nìyẹn. Ó bá di kílò 11.7, 23 nìyẹn. Fún bóòtì gíà, ẹ lo ọ̀pá tó gùn, kí ẹ kọ́ ọ sí sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ fà á dé kílò 11. Kò dára tó tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, torí náà ẹ ṣì máa tọ́jú owó láti rà á. Ṣùgbọ́n ó sàn ju ọwọ́ tó ń rò pé òun mọ̀ ọ́n lọ.

Mo ti yá òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ìdojúkọ wa, ó sì ní kí n dá a padà kí ọjà ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tọ́ọ̀pù kan ló wà lórí tábìlì yẹn, kò sí kámù kankan tí ẹ lè ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìwọ tó béèrè ọ̀rọ̀, máa bọ̀, kí o kọ́kọ́ fà á.